Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jẹ́

"Ta ni Ìyá Ìbejì?"

Bàbá Alásíá ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó na ìwé ọwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ojú, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ gbà pé àwọn nílò awò.

"Èwo nínú wọn?" ni Onífọ́tò fi dá a lóhùn. "Mẹ́rin ni wọ́n ládùúgbò yìí."

"Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ nìyẹn. Iléeṣẹ́ rélùwéè ní a kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ká lè fi pọ̀ lójú wọn."

Gbogbo àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Onífọ́tò bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n rí i pé Bàbá Alásíá ò rẹ́rìn-ín ni wọ́n tó dákẹ́. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, oníkálùkù sì sún mọ́ ọn. Orúkọ irinwó ó lé ogún ló wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, bírò pupa sì ti fa igi lé èyí tó ju ìdajì lọ. Ìyá Ìbejì, igi. Bàbá Onígẹ̀rígẹ̀rí, igi. Nọ́ọ̀sì Kékeré, igi. Alágbàfọ̀, igi. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: "A kò mọ àwọn wọ̀nyí."

"Wọn ò mọ̀ mí?" Alágbàfọ̀ fọwọ́ lu àyà. "Èmi tí mò ń fọ aṣọ iṣẹ́ wọn, tí mò ń lọ̀ ọ́!"

Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Akọ̀wé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé àwọn àgbà máa ń gbé lẹ́tà wọn wá kó bá wọn kọ. Òun ló kọ gbogbo orúkọ yẹn. Bó ṣe ń pè wọ́n láti kékeré ló ṣe kọ wọ́n, àwọn tí kò mọ̀wé kọ sì tẹ ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Ó kàn ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ láti ìdí rẹ̀. Ìdíkọ̀ rélùwéè kékeré kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò yẹn nígbà náà. Bẹ́ǹṣì méjì, òrùlé páànù kan, àti aago ńlá kan tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà sáré, tí gbogbo ènìyàn sì ti mọ iye tí wọ́n máa yọ kúrò níbẹ̀. Àárọ̀ ibẹ̀ dùn jọjọ! Àwọn nọ́ọ̀sì á máa ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, àwọn òṣìṣẹ́ á máa sun oorun tí kò tán nílé, àwọn ọmọ iléèwé á máa sáré ṣe iṣẹ́ àmúrelé lórí itan. Títí dòní, bí Akọ̀wé bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ rélùwéè níbikíbi, ọkàn rẹ̀ á ti padà síbẹ̀, ẹ̀rín á sì gbà á lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan ni iléeṣẹ́ rélùwéè lẹ ìwé mọ́ ògiri ìdíkọ̀ pé láti oṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ kankan ò ní dúró níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ènìyàn méjìlá péré ló ń wọkọ̀ níbẹ̀ lóòjọ́. Ẹlòmíràn lè kà á kó kọjá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni Akọ̀wé kà á. Òdìkejì odò ni iléèwé rẹ̀ wà, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ síbẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń ránṣọ, ló ń tọ́ ọ, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbé e sí ilé tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbé. Bí ọkọ̀ ò bá dúró mọ́, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn, nígbà tó ku ọdún kan ṣoṣo kó ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Bàbá Alásíá ló pe àwọn ènìyàn jọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ju àsíá aláwọ̀ ewé sí ọkọ̀ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́," ló sọ fún wọn. "A ò wá ipò, a ò sì bá ẹnikẹ́ni du àga. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́: kí ọkọ̀ dúró." Bí wọ́n ṣe dá Ẹgbẹ́ Ará Ìdíkọ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń ka àwọn tó ń wọkọ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí iye wọn kò pé àádọ́rùn-ún. Wọ́n kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ rédíò. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ òpó iná. Òfin sì wà pé bí irinwó ará àdúgbò bá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wá bá wọn ṣèpàdé lójúkojú kó tó ti ìdíkọ̀ pa. Ìwé ẹ̀bẹ̀ yẹn ló padà wá pẹ̀lú igi pupa yìí.

Iléeṣẹ́ náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n kọ orúkọ oníkálùkù bó ṣe wà nínú ìwé ìjọba, kí wọ́n sì mú un wá kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó pé, torí ọjọ́ náà ni ìpàdé. Wọ́n pín òpópónà láàárín ara wọn. Òpópónà ẹ̀yìn ìdíkọ̀, níbi tí wọ́n ti tọ́ Akọ̀wé dàgbà, ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni orúkọ tó wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi, èyí ò le," ni Bàbá Alásíá wí. "Kan ilẹ̀kùn, kí wọn, béèrè orúkọ wọn."

Kò le kẹ̀! Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, kò rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́nu ọmọdé. Láti ìgbà tí Akọ̀wé ti ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í fi orúkọ àgbà sẹ́nu. Ìyá lágbájá ni, bàbá tàmẹ̀dù ni, àbí kó fi iṣẹ́ wọn pè wọ́n. Ó mọ ikọ́ oníkálùkù láti ẹ̀yìn ògiri. Ó mọ ẹni tó máa ń kọrin nínú ilé ìwẹ̀. Orúkọ wọn ni kò mọ̀.

Ilé Ìyá Ìbejì tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà."

"Káàsán, Akọ̀wé. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà... wọ́n ní kí n wá béèrè... orúkọ."

"Orúkọ ta ni?"

"Tiyín mà."

Ìyá Ìbejì wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. "Orúkọ mi? Ṣé o ti fẹ́ máa pè mí ni? Ìwọ tí mo pọ̀n tó o tọ̀ sí mi lẹ́yìn! Ó dáa, mò ń bọ̀ wá bá ìyá rẹ àgbà."

Kò dúró gbọ́ àlàyé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ní ilé kejì, bàbá tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí: "Bàbá ẹ ni mò ń jẹ́. Lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Ní ilé kẹta, Ṣúmẹ́kà gbé òòlù sílẹ̀, ó ní kó lọ sọ fún ẹni tó rán an pé òun ti sá fún ìjọba láti ọjọ́ pípẹ́, wọn ò ní rí òun mú báyìí. Ojú ti Akọ̀wé, ó padà sílé. Ìdánwò ìṣirò wà lọ́jọ́ kejì, ti ìtàn wà lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, orúkọ mẹ́ta péré ló rí gbà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ láti iléèwé ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ti rí i tó ń bojú jẹ́.

"Nítorí orúkọ lo ṣe ń fajú ro báyìí? Ṣé orúkọ ṣọ̀wọ́n ni? Kọ èyí tó bá wù ẹ́."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ bí i ti báwo? Ṣé àwọn ènìyàn yẹn ò sí ni? Ṣebí àwọn fúnra wọn ló tẹ̀ka síbẹ̀. Orúkọ lásán lo máa bá wọn wá. Àbí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì yẹn máa wá kan ilẹ̀kùn?"

Ọ̀rọ̀ náà wọlé sí Akọ̀wé létí bí òótọ́. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìdíkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn àgbà lórúkọ. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí ò wo ilé kankan. "Ṣúmẹ́kà yẹn, fún un ní èyí tó gùn, ó fẹ́ràn àríyànjiyàn." "Ìyá Ìbejì ńkọ́?" "Fún un ní tọkùnrin!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kí a má parọ́, ọ̀sán yẹn dùn mọ́ wọn.

Ìgbà tó kan orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà ni bírò Akọ̀wé dúró. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá tó ń ránṣọ sí i lọ́rùn, tí kì í sùn bí ọmọ náà bá ń ṣàìsàn, Ìyá Àgbà ṣáá ló ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é. Ilé ò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó lè dìde lọ béèrè. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè, Ìyá Àgbà á fẹ́ mọ bó ṣe rí ti àwọn yòókù. Ló bá hùmọ̀ tiẹ̀ náà, orúkọ kan tó dùn létí, ó sì ṣí ojú ìwé kejì.

Gbọ̀ngàn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣèpàdé lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ènìyàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, Alágbàfọ̀ lọ aṣọ ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ń lọ gbé ìyàwó. Obìnrin kan tó wọ awò ni ọ̀gá tí iléeṣẹ́ rélùwéè rán wá.

"Mi ò bá yín jà o," ló wí. "Òfin ló ní kí n rí i dájú pé ènìyàn ni àwọn orúkọ yìí. Màá pe mẹ́wàá nínú wọn. Ẹni tí mo bá pè, kó dìde."

Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ wá láti òpópónà mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń dìde ni ẹ̀rín ń sọ, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn aládùúgbò wọn máa gbọ́ orúkọ náà. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ohun tó ò ń jẹ́ nìyẹn?" ni wọ́n ń wí fún Nọ́ọ̀sì Kékeré, ìyẹn sì ń fọwọ́ bojú.

Ọ̀gá pe orúkọ karùn-ún. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó pe ìkẹfà. Ẹnì kankan ò dìde sí ìyẹn náà. Nígbà tó pe ìkeje, orúkọ tí Akọ̀wé fún ìyá rẹ̀ àgbà ni.

Ìyá Àgbà yí ọrùn káàkiri pẹ̀lú àwọn yòókù láti wo ẹni tí wọ́n ń pè. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ Akọ̀wé. "Ta nìyẹn? Kí ló ń ṣe é tí ò dìde? Ṣé kò mọ̀ pé nítorí ọkọ̀ tó ń gbé ẹ̀yin ọmọ lọ síléèwé la ṣe wà níbí ni?"

Ọ̀gá pa fáìlì dé. "Ó tó gẹ́ẹ́. Bí mo bá pe méje tí mẹ́ta ò sí láyé, báwo ni mo ṣe fẹ́ gba ìyókù gbọ́? Ìwé yìí ti bàjẹ́. Ọkọ̀ ò ní dúró mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù."

"Ọ̀gá, ẹ ṣe sùúrù." Bàbá Alásíá ti dìde. "Bóyá àwọn mẹ́ta yẹn lọ síṣẹ́ ni. Ọmọ tó kọ orúkọ yẹn ló jókòó níbẹ̀ yẹn. Èmi ni mo gbé bírò fún un. Ọmọ náà kì í purọ́."

Ìbá sàn kó bú u. Ẹlẹ́rìn-ín tó jókòó sẹ́yìn já a léèékánná: "Dákẹ́ o!" Akọ̀wé mọ̀ pé bóun bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn náà lọ, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní dúró mọ́. Ó dìde.

"Ọ̀gá mi, irọ́ ni mo pa. Àwọn ènìyàn náà wà, gbogbo wọn ló tẹ̀ka. Èmi ni mi ò rí ẹnu béèrè orúkọ wọn, mo kàn hùmọ̀ wọn ni. Ẹni tí ẹ pè kẹ́yìn yẹn, ìyá mi àgbà ni. Àwọn ló jókòó tì mí yìí. Mi ò mọ orúkọ wọn."

Gbọ̀ngàn dàrú. "Áà! Ọmọ yìí ti pa wá!" "Akọ̀wé, kí la fi ṣe ẹ́?" Bàbá Alásíá rọra jókòó padà, kò sì wo ibi tí Akọ̀wé wà mọ́. Akọ̀wé bú sẹ́kún.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà di àga iwájú mú, ó sì dìde.

"Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀bi yìí kan èmi náà, torí mi ò sọ fún un rí. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó tún pè mí lórúkọ. Èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé mo ní in." Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì sọ ọ́: èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ, àti ti ilé ọkọ. Tirẹ̀ ni àwọn orúkọ náà, a ò ní gbé wọn kiri níbí. Àmọ́ Akọ̀wé, tó ń sunkún lọ́wọ́, gbọ́ wọn, ó sì rò ó pé ọmọbìnrin kékeré kan ti jẹ́ orúkọ yẹn rí, tó ń sáré bí wọ́n bá pè é.

Ìyá Ìbejì tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé na ìka sí Akọ̀wé. "Màá bá ẹ dé orí ọ̀rọ̀ yìí nílé," ló wí, lẹ́yìn náà ló sọ orúkọ tirẹ̀. Ṣúmẹ́kà dìde. Bàbá Onígẹ̀rígẹ̀rí dìde. Láìpẹ́, wọ́n ti ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Bàbá méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín láti ogún ọdún wá rí i pé orúkọ kan náà ni àwọn ń jẹ́, wọ́n dì mọ́ra bí ìbátan tó sọnù.

Ọ̀gá yọ awò, ó nù ún. "Òfin ò gbà mí láàyè láti kọ ohun tí mo gbọ́ yìí sílẹ̀ lónìí. Ìwé yẹn ti kú, mi ò lè jí i. Ẹ mú òmíràn wá láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Kí oníkálùkù wá sí ìdíkọ̀ fúnra rẹ̀, níwájú òṣìṣẹ́ mi." Ó wo Akọ̀wé. "Ọmọ yìí ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan bírò."

Ẹgbẹ́ náà yọ ọ́ kúrò nípò akọ̀wé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. "Mo fẹ́ràn ẹ," ni Bàbá Alásíá sọ, "ṣùgbọ́n iṣẹ́ irinwó ènìyàn lo fi ṣeré." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní Akọ̀wé ládùúgbò, èyí sì dùn ún ju èébú lọ. Òun àti Ìyá Àgbà lọ káàkiri àwọn ilé náà, ó kúnlẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tọrọ àforíjì. Àwọn kan dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan jẹ́ kó kúnlẹ̀ pẹ́. Ìyá Ìbejì ṣe bó ṣe wí, ó sọ̀rọ̀ sí i fún odindi wákàtí kan, ó wá bu omi tútù fún un mu.

Ọjọ́ mẹ́wàá náà le. Alágbàfọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù pa lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé Ṣúmẹ́kà sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ sí ìdíkọ̀ torí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ṣì ku mẹ́sàn-án kí irinwó pé. Lọ́jọ́ kẹwàá, nígbà tó ku díẹ̀ kí òṣìṣẹ́ náà pa ìwé rẹ̀ dé, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó nílé ìwòsàn fi aṣọ iṣẹ́ wọn sáré dé. Ó pé, ó sì lé mẹ́ta.

Iléeṣẹ́ rélùwéè gbà pé ọkọ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ á máa dúró. Ti ọ̀sán ò ní dúró mọ́. Ẹgbẹ́ fẹ́ jà fún un, àmọ́ oṣù ti parí, ìwé àkókò ọkọ̀ tuntun sì ti jáde. "Ọjọ́ mẹ́wàá tá a fi tún orúkọ kọ," ni Bàbá Alásíá wí, "òun là bá fi jà fún ti ọ̀sán." Kò pariwo bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù tuntun, gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni ọkọ̀ á dúró. Fèrè dún lókèèrè. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ kíkankíkan títí àyà àwọn ènìyàn fi já, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀, tó sì dúró. Ariwo ayọ̀ sọ! Ọmọbìnrin wa sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì iléèwé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí Nọ́ọ̀sì Kékeré, tó gbé àpótí ńlá méjì.

"Àǹtí, ibo lẹ̀ ń kó ẹrù yìí lọ?"

"Òdìkejì odò. Mo ti gba yàrá síbẹ̀." Nọ́ọ̀sì Kékeré rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. "Iṣẹ́ ọ̀sán ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn. Ọkọ̀ ọ̀sán ni tèmi."

 Ọmọ náà gba àpótí kan lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jọ wọkọ̀, wọ́n sì jókòó pọ̀ títí wọ́n fi kọjá odò. Bí wọ́n ṣe fẹ́ pínyà, Nọ́ọ̀sì Kékeré gbá a mọ́ra. "Mi ò bínú sí ẹ. Ṣáà kàwé ẹ dáadáa."

Ó kà á. Olùkọ́ ni lónìí, ní iléèwé yẹn gan-an, ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Bàbá Alásíá ti lọ, Ìyá Àgbà ti lọ, àárò àwọn méjèèjì sì máa ń sọ ọ́ bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Nígbàkigbà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aláṣẹ, ìtàn yìí ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn. Bí nǹkan ò bá dára níbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ẹ má dákẹ́, ẹ kó ara yín jọ. Ẹ má sì fi irọ́ ti òtítọ́ lẹ́yìn, torí iye ènìyàn tó lè dìde bí wọ́n bá pe orúkọ wọn ni agbára ẹgbẹ́, irọ́ kan ṣoṣo sì lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní ti àwọn àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè. Ojú á tì yín díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ fún yín.